Búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran bọ̀: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀?

Okun o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àbúrò.

Láti ìgbà tí mo ti Amẹ́ríkà dé, ìbéèrè kan ni àwọn ẹgbẹ́ mi ní Kàbbà ń bi mí jù. Kì í ṣe ti òtútù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ bímọ sí Texas, tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ tọ́jú ìkókó, ló kọ́kọ́ bi mí lẹ́yìn ìsìn: "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ní tí àwọn bá pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran àti ewé bọ̀ ni àwọn máa ń rà jẹ. Ṣé oúnjẹ gidi nìyẹn? Ṣé kì í ṣe pé owó ni wọ́n ń fi ṣòfò?" Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun gbọ́ lórí fóònù pé ilé ẹjọ́ ti sọ pé búrẹ́dì náà kì í ṣe búrẹ́dì. Ẹnì kẹta ní irọ́ ni, pé nínú gbogbo oúnjẹ àsáréjẹ òyìnbó, òun ló ń ṣe ara lóore jù, torí ewé pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú nǹkan kan dání nínú òtítọ́, kò sì sí ẹni tó mú gbogbo rẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé fún ọdún 28. Mo lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ọmọ mi, mo sì jẹ nínú búrẹ́dì yìí dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Sáńwíìṣì, bí òyìnbó ṣe ń pe búrẹ́dì tí wọ́n ki nǹkan bọ̀, kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ lọ sí ìtòsí ibùdókọ̀ ní Kàbbà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Obìnrin tó ń din àkàrà níbẹ̀ á mú búrẹ́dì, á fi ọ̀bẹ tín-ín-rín là á ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní jẹ́ kó já tán. Á fi àtàǹpàkò tẹ inú rẹ̀ kó lè láyè, á to àkàrà gbígbóná mẹ́ta sí i, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Òróró á rọra máa wọ inú búrẹ́dì náà títí ibi funfun rẹ̀ á fi pọ́n díẹ̀, ìwé ìròyìn tó fi dì í á sì tutù lọ́wọ́ yín. Sáńwíìṣì nìyẹn. Búrẹ́dì àti ẹyin tí màì ṣáyì ń dín fún àwọn awakọ̀ lálẹ́, sáńwíìṣì ni òun náà. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Ohun tó yàtọ̀ ni irú òwò tó wà lẹ́yìn ti òyìnbó, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó gbajúmọ̀ jù ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1965, ní ìlú Bridgeport ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan, Fred DeLuca, yá 1,000 dọ́là lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹbí wọn kan, Peter Buck, tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì. Ó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kan kó lè rí owó fi lọ sí yunifásítì. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló di Subway. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ń fi orúkọ náà yá àwọn ẹlòmíràn, lónìí ó lé ní 35,000 ẹ̀ka tó wà káàkiri ayé.

Ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ "yá" yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé orúkọ alákàrà wa yìí kàn dé Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ́, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ sì fẹ́ máa ta àkàrà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní: ẹ kọ́kọ́ san owó orúkọ. Ẹ̀wà tí mo bá ní kí ẹ rà ni ẹ ó rà. Ṣíbí tí mo fún yín ni ẹ ó fi máa bù ú. Nínú gbogbo 100 náírà tí ẹ bá tà, 12 náírà àti 50 kọ́bọ̀ jẹ́ tèmi, ẹ jèrè o, ẹ kò jèrè o. Báyìí gan-an ni Subway ṣe máa ń gbà á ní Amẹ́ríkà. Ìdá 8 nínú 100 ni owó orúkọ, ìdá 4 àbọ̀ sì ni owó ìpolówó, orí owó tó wọlé ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́, kì í ṣe orí èrè.

Kí ni èyí kan ẹni tó fẹ́ jẹun? Ó kàn án gan-an. Onítọ̀hún kò lè dín owó orúkọ kù, kò lè dín owó ilé kù, kò sì lè dá ra ìyẹ̀fun tirẹ̀. Ohun tó kù tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni iye òṣìṣẹ́ tó máa gbà, bí ibẹ̀ ṣe máa mọ́ tó, àti bóyá wọ́n á da ewé tó ti rọ nù tàbí wọ́n á fi sílẹ̀ di ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí wọn ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ara wọn lọ, fi lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Ẹ má béèrè pé "ilé-iṣẹ́ wo ló dára?" Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín pé "ẹ̀ka wo ló dára?" Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń gbé àdúgbò máa ń mọ̀ ọ́n.

Àbúrò ọkọ ọmọ mi ṣiṣẹ́ nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà nílé ìwé. Òun ló sọ fún mi pé ẹran ní òǹkà. Bó bá jẹ́ búrẹ́dì kékeré, wẹ́wẹ́ báyìí ni. Bó bá jẹ́ ńlá, ìlọ́po méjì rẹ̀. Ọ̀gá wọn a sì máa ka ìyókù lálẹ́ kó fi wé iye tí wọ́n tà. Ṣùgbọ́n ewé, tòmátò, àlùbọ́sà, kùkúmbà àti ata, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n fi kún un, wọ́n á fi kún un láìgba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ ni n kò ti jẹ búrẹ́dì tí ewé rẹ̀ kéré mọ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n gé e kù. Ní orílẹ̀-èdè Ireland, òfin owó orí ní kí wọ́n má ṣe gba owó orí kan lórí búrẹ́dì, torí oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ṣúgà inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ìyẹ̀fun. Ilé-iṣẹ́ kan tó yá orúkọ Subway níbẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ pé kí ìjọba dá owó orí òun padà. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn wò ó, ó rí i pé ṣúgà inú búrẹ́dì náà tó ìdá 10 nínú 100 ìyẹ̀fun, ó sì ní kò sí nínú èyí tí òfin yọ̀ǹda. Ọ̀rọ̀ owó orí ni. Wọn ò sọ pé májèlé ni, wọn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìdá 10 jẹ́, bí mo ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe. Ẹ wọn ìyẹ̀fun kílò kan. Ìdá 2 rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 20. Bí hóró ṣúgà kan bá jẹ́ gíráàmù mẹ́rin, hóró márùn-ún nìyẹn. Ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 100, hóró 25. Ẹ to hóró 25 sórí tábìlì kí ẹ wò ó. Ó pọ̀. Síbẹ̀ ohun kan wà tó ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń fi búrẹ́dì òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́: búrẹ́dì tiwa náà ń dùn. Èyí tí à ń fi ọwọ́ ya jẹ lásán láìfi nǹkan kan sí i, kí lẹ rò pé ó ń mú un dùn? Ẹni tó bá ń ṣọ́ ṣúgà nítorí àìsàn àtọ̀gbẹ, kó ṣọ́ méjèèjì.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kẹ́míkà. Ní ọdún 2014, ariwo ta pé wọ́n ń lo èròjà kan tó ń jẹ́ azodicarbonamide nínú búrẹ́dì Subway láti mú kó fúyẹ́, èròjà tí wọ́n tún ń lò nínú ṣíṣe ike tó rí bíi fóòmù. Ìjọba Amẹ́ríkà fàyè gba ìwọ̀n kékeré rẹ̀, ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà á láyè rárá. Ilé-iṣẹ́ náà kéde lọ́dún yẹn pé àwọn ń yọ ọ́ kúrò. Àwa náà ti la irú rẹ̀ kọjá. Potassium bromate tí àwọn oníbúrẹ́dì wa ń lò kí búrẹ́dì lè wú, NAFDAC fòfin dè é, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀rá búrẹ́dì wa fi ń kọ ọ́ sára pé kò sí bromate nínú rẹ̀. Mo máa ń bẹ̀ yín, ẹ máa ka ara ọ̀rá yẹn.

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Subway, òórùn búrẹ́dì tó ń jáde nínú ààrò á kọ́kọ́ pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn, wọ́n ń yan búrẹ́dì níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀ ni pípo ìyẹ̀fun. Èyí tí wọ́n ti pò, tó ti dì bíi yìnyín, ni ọkọ̀ ń gbé wá, wọ́n á jẹ́ kó yọ́, wọ́n á jẹ́ kó wú, wọ́n á sì yan án. Bí ẹnì kan bá ní "a yan án lónìí," ẹ gbà á gbọ́. Bó bá ní "a ṣe é lónìí," ìyẹn yàtọ̀.

Ti ẹran ló ṣe pàtàkì jù sí mi. Ẹran tí wọ́n ti gé sí pẹlẹbẹ láti ilé-iṣẹ́ kó tó wọ ọkọ̀, ojú rẹ̀ ti gba afẹ́fẹ́, omi ara rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ rántí ẹran tí ẹ gé sílẹ̀ lálẹ́ àná àti èyí tí ẹ gé lówùúrọ̀ yìí. Títí di ọdún 2023, gígé-sílẹ̀ ni ti Subway. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìgéran sínú àwọn ẹ̀ka wọn ní Amẹ́ríkà. Jersey Mike's, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ta irú búrẹ́dì yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní Point Pleasant ní New Jersey lọ́dún 1956, ojú yín ni wọ́n ti máa ń gé e. Ó sábà máa ń wọ́n díẹ̀ ju ti Subway lọ. Lójú tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹran tí wọ́n gé lójú mi máa ń rọ̀, ó sì ní adùn ẹran. Èyí tí wọ́n kó jáde látinú ọ̀rá, adùn iyọ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́.

Ti gígùn, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Lọ́dún 2013, ẹnì kan fi rúlà wọn búrẹ́dì Subway tí wọ́n ní ó gùn tó ínṣì 12, ó jẹ́ 11. Ẹjọ́ ṣẹlẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ìyẹ̀fun tí wọ́n pò kó tó wọ ààrò; bó ṣe ń wú ló ń mú kí òmíràn kúrú kó sì fẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni ẹ jẹ.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ kò ì tíì lọ rí, ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rèé. Ìbéèrè ló máa kọ́kọ́ dà bò yín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dá wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, nítòsí ilé ìwòsàn tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin tó dúró lẹ́yìn gíláàsì bi mí léèrè búrẹ́dì wo, kí n tó dáhùn ó ti bi mí léèrè wàrà wo. Wàrà? Mo rò pé wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sí ọjà wa ni. Èyí tí òyìnbó sọ di pẹlẹbẹ bí ìwé ló ní lọ́kàn. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi. Mo ń ṣáà ń ní "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ohun tó bá nawọ́ sí. Ó fi ọbẹ̀ funfun, ọbẹ̀ pupa àti ọbẹ̀ aláwọ̀ omi oyin lé e lórí. Nígbà tí mo fi jókòó, abẹ́ búrẹ́dì náà ti rọ bí ẹ̀kọ tó bọ́ sómi, adìẹ inú rẹ̀ sì tutù bíi pé inú fíríìjì ni mo ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n gba 12 dọ́là ó lé díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo jẹ ìdajì, mo di ìyókù, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí ebi ń pa mí gidi.

Ìgbà kejì, ọmọ mi tẹ̀ lé mi lọ, mo sì rí i pé ìbéèrè márùn-ún péré ni: búrẹ́dì, ẹran, wàrà, ṣé kí wọ́n yan án, kí ni kí wọ́n fi sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ló kàn mí jù, ti yíyan. Búrẹ́dì kan náà, ẹran kan náà, bí wọ́n bá tì í sínú ààrò fún ìṣẹ́jú kan, eteetí rẹ̀ á le díẹ̀, wàrà á yọ́ mọ́ ẹran lára, ọbẹ̀ kò sì ní lè rọ ọ́ kíákíá. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ tó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti owó. Ẹ má ṣe ṣẹ́ dọ́là sí náírà, orí á kàn fọ́ yín lásán. Iṣẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Owó tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí kan jẹ́ 7.25 dọ́là láti ọdún 2009, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń san jù bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì 12 dọ́là ju iṣẹ́ wákàtí kan àbọ̀ lọ fún ẹni tó ń gba iye yẹn. Costco, tí wọ́n ń san owó ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó lè rajà níbẹ̀, ti ń ta odidi adìẹ yíyan ní 4.99 dọ́là fún ọ̀pọ̀ ọdún. Adìẹ kan, búrẹ́dì kan, tòmátò mẹ́ta: ilé ọmọ mi jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi egungun rẹ̀ se ọbẹ̀. Bí ẹ bá ti wà nínú ilé tó ní ìdáná, tí ara yín sì le, ríra a lójoojúmọ́ kò bọ́gbọ́n mu.

Ní ti ìlera, ewé inú rẹ̀ dára, àmọ́ ẹran ibẹ̀ ni ká ṣọ́. Ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ àti kẹ́míkà tọ́jú kó má bàa bàjẹ́, bíi hámù àti sàlámì, ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lọ́dún 2015. Wọ́n ní ẹni tó bá ń jẹ gíráàmù 50 rẹ̀ lójoojúmọ́, ewu jẹjẹrẹ ìfun rẹ̀ fi ìdá 18 nínú 100 ga sí i. Ẹ má ṣì í gbọ́ o. Kò túmọ̀ sí pé nínú ènìyàn 100, 18 á ní in. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn 50 nínú 1,000 ni ì bá ní in tẹ́lẹ̀, wọ́n á di 59. Ojoojúmọ́ sì ni wọ́n wí; ẹẹ̀kan lóṣù kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ló yẹ kó ká ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré, bẹ́ẹ̀ ẹran, wàrà, búrẹ́dì àti ọbẹ̀ inú ẹ̀, gbogbo wọn ló ní tiwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi adìẹ tàbí tòlótòló sí i, kí ẹ sì dín ọbẹ̀ kù. Òfin kan wà níbẹ̀ láti ọdún 2018 tó ṣe mí láǹfààní: ilé oúnjẹ tó bá ní ẹ̀ka 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye kálórì sára pátákó oúnjẹ rẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó yàn.

Ìgbà wo ló wá tó owó rẹ̀? Lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Abuja gba Lọ́kọ́jà wá sí ọ̀dọ̀ wa mọ̀ ọ́n: bí ebi bá pa ọ́ níbi tí o ò ti mọ ẹnikẹ́ni, ibi tí awakọ̀ bá ti sọ̀ jẹun ni o máa sọ̀ sí, torí ó ti jẹ níbẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ tó wà lára pátákó ló ń ṣe iṣẹ́ awakọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní ìlú tí ẹ kò dé rí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀: iye owó wà lára ògiri, ilé ìtura wà, ìtọ́wò rẹ̀ kò ní jìnnà sí ti ìgbà tó kọjá. Ìbáradọ́gba ni wọ́n ń tà. Bó bá jẹ́ òun ni ẹ nílò, ẹ san owó rẹ̀ láìkábàámọ̀. Adùn tó pé, ọwọ́ ẹni tó mọ oúnjẹ sè ni kí ẹ ti wá a, ó sì wà níbẹ̀ náà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí ìdílé kan ṣoṣo ni, tí bàbá àti ọmọ jọ ń gé ẹran, mo jẹ ní ọ̀kan tí n kò ní gbàgbé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá àwọn ọmọ jà. Ọmọ mi máa ń ṣe iṣẹ́ wákàtí 12 ní wọ́ọ̀dù lórí ìdúró. Obìnrin tó bá jáde níbẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́ kò lè wá máa gún iyán. Búrẹ́dì yìí dára fún un ju kó sùn pẹ̀lú ebi lọ.

Ìyá tó ń lọ sí Texas wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ní kí n kọ ohun tí òun máa sọ síwèé, kí ojú má bàa ti òun. Mo kọ ọ́ fún un pẹ̀lú lẹ́tà gàgàrà: kí wọ́n fi adìẹ sí i, kí wọ́n yan án, kí wọ́n fi ewé kún un dáadáa, kí wọ́n bu ọbẹ̀ sọ́tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n gé e sí méjì torí òun máa gbé ìdajì lọ sílé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sáàárín pásípọ́ọ̀tù rẹ̀.